Ìlédìí Aṣọ Tí Kò Fa Omi Mọ́ àti Ọmọ Tí Kò Fẹ́ Jókòó sí Póò

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, mà. Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ ni a ń gbé, omi kànga ni a sì ń lò. Nígbà tí owó ìlédìí àlòsọnù wọ̀ wá lọ́rùn, tí mo sì rí bí àlòkù rẹ̀ ṣe ń dí gọ́tà iwájú ilé wa, mo pa dà sí ìlédìí aṣọ tí ìyá ọkọ mi kó fún mi. Oṣù méjì àkọ́kọ́ dára. Nísinsìnyí, bí ọmọ bá tọ̀, ńṣe ni ìtọ̀ ń gba orí aṣọ ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé aṣọ náà ti gbó ni?

Ìdáhùn: Kò gbó. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹ fi ń pa ọmọ ní ìdí. Bí ó bá jẹ́ òrí tàbí àdí, tàbí ìpara tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, ọ̀rá rẹ̀ á máa wọ inú òwú díẹ̀díẹ̀ títí omi kò fi ní ráyè wọlé mọ́. Ọṣẹ tí a kò ṣan kúrò tán náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi tí omi kànga bá ti le, tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, nítorí pé ọṣẹ àti ohun tó wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ a máa para pọ̀ di èérí funfun tí ń lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ẹ rẹ àwọn ìlédìí náà sínú omi gbígbóná tí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí, ẹ fọ̀ wọ́n dáadáa, kí ẹ sì máa ṣan wọ́n léraléra títí omi wọn kò fi ní hó mọ́. Omi òjò tí ẹ gbé ọpọ́n dè ni ó dára jù fún èyí tí ẹ ó fi ṣan wọ́n kẹ́yìn, nítorí pé ó rọ̀. Nígbà tí aṣọ bá gbẹ, ẹ kán omi sí i lórí. Bí ó bá fà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀rá ti kúrò. Láti ìgbà náà lọ, òrí díẹ̀ ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì tẹ́ àkísà fẹ́lẹ́ kan sáàrin ara ọmọ àti ìlédìí.

Ìbéèrè: Ti èmi kì í rùn tí mo bá sá a tó gbẹ, àmọ́ bí ọmọ bá ti tọ̀ sí i, òórùn rẹ̀ á gún mi nímú. Mo máa ń rẹ àlòkù rẹ̀ sínú bílíìṣì mọ́jú.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí bílíìṣì bá pàdé ìtọ̀, afẹ́fẹ́ olóró máa ń jáde níbẹ̀, ó sì lè ṣe èèmí yín àti ti ọmọ ní jàǹbá. Kòkòrò àìfojúrí tó ṣẹ́ kù sínú aṣọ ni ó ń sọ ìtọ̀ di amóníà, òun ni ẹ ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan ti òru ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá di ọjọ́ kẹta. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ sá a sí oòrùn gangan.

Ìbéèrè: Omi àti ọṣẹ tí ìyàwó mi ń lò pọ̀. Ṣé aṣọ sàn fún àyíká ju àlòsọnù lọ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ọwọ́ tí a fi ń fọ̀ ọ́ ni ó wà. Ìwádìí kan tí àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé, bí àwọn ìdílé ibẹ̀ ṣe máa ń fọ aṣọ, ìpalára tí ìlédìí aṣọ ń ṣe fún ojú ọjọ́ láàrin ọdún méjì àtààbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti àlòsọnù. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá kún inú ẹ̀rọ kí a tó tàn án, tí a sá a sórí okùn níta, tí àbúrò ọmọ náà sì tún lò ó, ìpalára náà á dín ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Ní Ifẹ̀, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń fọṣọ, oòrùn ni a sì ń sá a sí. Ohun tí yóò ba èyí jẹ́ ni kí ẹ máa fi igi tàbí kẹrosíìnì se ìlédìí lójoojúmọ́. Ẹ fi omi gbígbóná mọ sí ìgbà tí aṣọ bá nílò rẹ̀.

Ìlédìí àlòsọnù ní ike nínú, kì í jẹrà bọ̀rọ̀, èéfín rẹ̀ sì léwu bí a bá sun ún lẹ́yìnkùlé. Ó ń dùn mí gan-an láti rí i lẹ́bàá odò. Bí ẹ bá máa lò ó rárá, ẹ gbọn ìgbẹ́ inú rẹ̀ sí ṣálángá kí ẹ tó kó o fún àwọn akólẹ̀.

Ìbéèrè: Ilé tí mò ń gbé ọmọ sí kí n tó lọ síbi iṣẹ́ kò gba ìlédìí aṣọ.

Ìdáhùn: Ẹ lo àlòsọnù níbẹ̀, kí ẹ lo aṣọ nílé. Kò di dandan kí ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Ìbéèrè: Ọmọ ọmọ mi ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó máa ń lọ dúró sí láti ṣu sínú ìlédìí. Bí a bá gbé e lé póò, igbe ni.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Bí ó ṣe ń lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn fi hàn pé ó ti mọ ìgbà tí ìgbẹ́ ń bọ̀, nítorí náà ara rẹ̀ ti tó o. Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀: bí ó bá le, ó ti dùn ún rí lórí póò, ẹ̀rù sì ń bà á. Ẹ máa fún un ní omi, ìbẹ́pẹ, ọsàn àti ẹ̀fọ́. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa lórí póò náà. Ẹ gbé e lé e ní kété tó bá jẹun tán, torí pé oúnjẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ikùn máa ń ta ìfun jí. Ẹ má nà án.

Bí ó bá ní àbúrò tó ṣì wà lọ́wọ́, ẹ má dúró di ọdún méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ẹ na ẹsẹ̀ yín méjèèjì bí ìyá yín ti ń ṣe, kí ẹ gbé e jókòó lé e lẹ́yìn ọmú, kí ẹ máa ṣe “ṣìì” sí i. Ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá bọ́ síbẹ̀, ìlédìí kan ni kò bàjẹ́. Ti òru nìkan ni kí ẹ má kánjú sí, nítorí pé ọmọ tí kò tọ̀ sára mọ́ lọ́sàn-án ṣì lè máa tọ̀ lójú oorun fún oṣù tàbí ọdún díẹ̀ sí i.