Ìtọ́jú omi kànga àti bóhòlù l'Ékòó: irin ṣáájú, álọ́ọ̀mù tẹ̀lé e, bílíìṣì kẹ́yìn

Irin la kọ́kọ́ ń yọ kúrò nínú omi, ìdọ̀tí ló tẹ̀lé e, kòkòrò àrùn la ń pa gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ilé ní Muṣin, Ṣómólú àti Bárígà ló ní álọ́ọ̀mù àti bílíìṣì nílé, àmọ́ ńṣe ni wọ́n ń da méjèèjì sínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ṣòfò nìyẹn. Ìdọ̀tí á ti jẹ bílíìṣì tán kó tó kan kòkòrò. Iléeṣẹ́ omi ńlá bíi ti Ìjú náà, álọ́ọ̀mù ló ń ṣáájú, asẹ́ tẹ̀lé e, kílórínì, ìyẹn ohun tó ń pa kòkòrò nínú bílíìṣì, ló ń kádìí ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú omi tí ẹ ní. Ẹ pọn ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bó bá mọ́ lóló nígbà tí ẹ pọn ọ́n, tó wá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, irin ló wà níbẹ̀. Bó bá ti rí bàìbàì láti ìbẹ̀rẹ̀, amọ̀ àti ìdọ̀tí ni. Bó bá ní iyọ̀ lẹ́nu, ẹ dúró ná, a ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Irin kì í hàn nínú ilẹ̀, torí atẹ́gùn ò kàn án níbẹ̀. Ó yòrò sínú omi ni. Bí atẹ́gùn bá ti kàn án, á dógùn-ún, á di kóró wẹ́wẹ́ tó ń rọ̀ sísàlẹ̀. Nítorí náà, atẹ́gùn lẹ máa fún un. Ẹ máa da omi láti bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì láti òkè wá, nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ bò ó, kó di àárọ̀. Ẹ rọra da èyí tó tòrò lókè, kí ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ l'Ékòó sábà máa ń kan díẹ̀, ìyẹn ni pé ó ní áṣíìdì díẹ̀ nínú, omi tó bá sì kan kì í jẹ́ kí irin tètè dógùn-ún. Bó bá di àárọ̀ tí kò tíì rọ̀ sílẹ̀, ẹ fi ìdámẹ́rin ṣíbí tíì bàkín sódà sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25, kí ẹ tún un dà. Ẹ má fi kán-ún rọ́pò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú kán-ún ọjà, ti òní yàtọ̀ sí ti ọ̀la.

Ẹni tó bá ti fi bílíìṣì fọ aṣọ funfun nínú omi oní-irin mọ ohun tí à ń wí. Aṣọ náà kì í funfun, ńṣe ló ń gba àwọ̀ ìpẹtà, pàápàá níbi ọrùn àti abíyá. Bílíìṣì ló mú irin dógùn-ún sórí òwú. Nínú omi mímu náà, irin yẹn kan náà ló ń jẹ bílíìṣì yín.

Álọ́ọ̀mù ló kàn. Ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ inú omi ń ti ara wọn sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi rọ̀ sílẹ̀ bó ti wù kí ẹ dúró tó. Álọ́ọ̀mù ló ń jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ wọn ìdámẹ́rin ṣíbí tíì, tó jẹ́ gíráàmù kan lé díẹ̀, fún lítà 25. Ẹ pò ó nínú ife omi kan kó yòrò, ẹ dà á sínú omi náà, kí ẹ ro ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ máa rò ó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Apá jẹ́jẹ́ yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun gan-an sì ni iṣẹ́: ibẹ̀ lẹ máa ti rí ìdọ̀tí tó ń ṣù bí òwú tó já. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́, tí ẹ ṣẹ́ po sí mẹ́rin, sẹ́ èyí tó wà lókè.

Bí kò bá ṣù rárá, ẹ má sáré fi álọ́ọ̀mù kún un. Álọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ń mú kí omi kan, bí omi bá sì ti kan jù, kò ní ṣiṣẹ́. Bàkín sódà bíńtín ló máa ń tún un ṣe. Bí omi bá ń fún ẹnu pọ̀, álọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù nìyẹn. Èyí ló sì burú nínú àṣà kí a mú òkúta álọ́ọ̀mù máa fi po omi títí tó bá tẹ́ni lọ́rùn: èèyàn ò mọ iye tó wọlé.

Ó wá ku bílíìṣì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 tí onígbáméjì jà l'Ékòó, Erékùṣù Èkó, Etí-Ọ̀sà, Kòsọ́fẹ́ àti Ìkòròdú wà lára ibi tó kàn, omi tó mọ́ lójú sì lè gbé kòkòrò rẹ̀. Ẹ ka ara ike náà. Sodium hypochlorite, ìyẹn orúkọ kẹ́míkà bílíìṣì gan-an, nìkan ni kó wà nínú ẹ̀. Èyí tó ń ta sánsán, tó ní àwọ̀ tàbí ọṣẹ, ti aṣọ àti ilẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ 3.5%, ẹ fi síríńjì fa mìlílítà 2 fún lítà 25 omi tó tòrò, tàbí 4 bó bá ṣì rí bàìbàì díẹ̀. Bó bá jẹ́ 5%, mìlílítà kan ààbọ̀ tàbí 3 ti tó. Ẹ dé e, ẹ mì ín, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó yẹ kí òórùn kílórínì fẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ tún ìwọ̀n yẹn fi, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Bí ẹ bá ti tún un fi tí kò tún rùn, yálà ìdọ̀tí ṣì pọ̀, tàbí bílíìṣì náà ti kú. Oòrùn àti ooru ló ń pa á. Èyí tó ti pẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn, omi lásán ló kù níbẹ̀. Bàkín sódà tó bá pọ̀ jù náà ń sọ agbára rẹ̀ di yẹpẹrẹ.

Kòkòrò kan wà tí kílórínì ò lè pa. Omi ọmọ ọwọ́ àti ti aláìsàn, ẹ sè é kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan. Kẹ́ẹ̀gì ẹnu tóóró ni kí ẹ tọ́jú omi sí. Bí ife bá ti ń wọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ gbogbo ilé ti wọ̀ ọ́.

Bílíìṣì àti áṣíìdì ìfọṣáláńgá ò gbọdọ̀ pàdé láé. Gáàsì kílórínì ló ń jáde, nínú ilé ìwẹ̀ tóóró tí ayálégbé mẹ́jọ jọ ń lò, ó lè pààyàn. Àpòpọ̀ álọ́ọ̀mù tó ki náà kan, ẹ má da bílíìṣì sí i. Bí gáàsì náà bá jáde, ẹ jáde, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ má padà wọlé lọ fọ̀ ọ́. Ẹ má bu bílíìṣì sínú ike mínírà. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì. Ẹ fi omi yọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ mú ike náà dání.

Ní ti iyọ̀: ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti lọ́nà Lẹ́kí, omi ọ̀sà àti òkun ń wọ inú kànga. Kò sí èyí tó ń yọ iyọ̀ nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí. Sísè tiẹ̀ ń mú kó le sí i, torí omi ló ń gbẹ, iyọ̀ ò lọ ibì kan. Ẹ fi fọṣọ, kí ẹ ra ti mímu. Bí omi bá ń rùn bíi pẹtiróòlù, ẹ má mu ún, ẹ má sì sè é.

Nitrate, kẹ́míkà kan tó ń yòrò sínú omi kànga, ò ní òórùn, kò sì ní adùn. Inú sókàwéè ló ti sábà máa ń wá. Ó yẹ kí kànga fi mítà 30 jìnnà sí sókàwéè, pílọ́ọ̀tì Èkó sì sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 ní ìbú àti 36 ní gígùn. Ní ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì, ó ṣòro kí wọ́n jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ká má tíì sọ ti aládùúgbò tó gbẹ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nitrate kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà gbé atẹ́gùn dáadáa. Ètè àti èékánná rẹ̀ á máa dúdú. Sísè ò yọ ọ́. Omi irú kànga bẹ́ẹ̀, ẹ má fi po mílíìkì ọmọ: ọyàn ni kí ẹ fún un, tàbí kí ẹ fi omi inú ọ̀rá tó ní nọ́ńbà NAFDAC po mílíìkì náà.