Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ ìwé láì tíì fiṣẹ́ sílẹ̀: ẹ wo ọ̀nà tí N. K. Jemisin gbà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìtàn nínú àmọ́ tí iṣẹ́ oṣù ò jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè kọ ọ́, ẹ wo N. K. Jemisin, obìnrin aláwọ̀dúdú ará Amẹ́ríkà tó ń kọ ìtàn àròsọ nípa ayé tí ò sí níbì kankan. Iowa City ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1972, ó kàwé saikọ́lọ́jì ní Yunifásítì Tulane, iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ló sì fi ń jẹun fọ́dún púpọ̀.

Ẹ má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti máa kọ́ yín. Ní 2002 Jemisin lọ sí wọ́kṣọ́ọ̀pù Viable Paradise, wọ́n ní kó máa kọ ìtàn kéékèèké, kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ torí ìwé ńlá ló wà lọ́kàn ẹ̀, ìgbà tó wá gbìyànjú ẹ̀ ló rí i pé ó ń tún ọwọ́ òun ṣe. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ kékeré kẹ́ ẹ parí ẹ̀, ẹni tí ò parí nǹkan rí ò lè mọ bí ìtàn ṣe ń parí.

Ibi tó le jù rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Táwọn pọ́blíṣà bá ní àwọn ò fẹ́ ìwé yín, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ mú òmíràn. Jemisin gbé The Killing Moon kiri, kò rẹ́ni rà á, ló bá padà sídìí ìtàn àtijọ́ kan tó ti kọ tì, ó tú u palẹ̀, ó tún un kọ, òun ló di The Hundred Thousand Kingdoms tó jáde ní 2010, èyí tí wọ́n kọ̀ yẹn náà sì jáde ní 2012! Torí náà ẹ má pa fáìlì kankan rẹ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ó wá ku owó. Ìwé ńlá mẹ́fà ti jáde lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó ṣí ojú ìwé lórí ìkànnì Patreon ní 2016, káwọn tó ń ka ìwé ẹ̀ máa dáwó fún un lóṣooṣù, iye tó ní òun nílò sì pé kíá, ìgbà yẹn ló tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni The Fifth Season, apá kìíní nínú ìtàn alápá mẹ́ta kan, gba Hugo, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ ńlá fún irú ìtàn àròsọ tó ń kọ, apá kejì gbà á ní 2017, apá kẹta ní 2018, kò sẹ́ni tó ṣerú ẹ̀ rí, inú mi ṣì ń dùn sí i títí dòní. Ẹ̀yin náà, kẹ́ ẹ tó kéde iye tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ ṣírò rẹ́ǹtì, oúnjẹ àti owó ọsibítù, kẹ́ ẹ sì rí i pé àwọn tó ń ka ìwé yín ti wà nílẹ̀.