Bí Ìpayà Kò Bá Lọ Lẹ́yìn Ìjàǹbá

Kaṣú ti pọ́n lóko, ó ń já bọ́ sílẹ̀, olóko kò lọ ṣà á. Ìyàwó ní ọ̀lẹ ni, ọ̀rẹ́ ní ojo ni. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbà lọ sóko náà, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ti gbókìtì pẹ̀lú rẹ̀ ní oṣù 3 sẹ́yìn. Kí ẹ tó bú u, ẹ wò ó dáadáa.

Ta ni ìjàǹbá ọkọ̀, ìjínigbé tàbí ìfipábánilòpọ̀ máa ṣẹlẹ̀ sí tí àyà rẹ̀ kò ní já? Ọ̀pọ̀ ni ara wọn máa ń balẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ìpayà náà bá lé ní oṣù 1, tí kò jẹ́ kéèyàn lè ṣiṣẹ́ tàbí bá ará ilé gbé bó ṣe yẹ, ó lè ti di àìsàn. PTSD ni àwọn dókítà ń pè é. Nígbà mìíràn, ó máa ń ju oṣù 6 lọ kó tó hàn kedere.

Òru ni ẹ sábà máa kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni náà á ta gìrì lójú oorun, òógùn á bò ó. Lọ́sàn-án, bí táyà bá bẹ́, ojú rẹ̀ á yí padà: kì í ṣe pé ó kàn ń rántí o, inú ọkọ̀ yẹn ló tún bá ara rẹ̀. Kò ní fẹ́ gba ọ̀nà ibẹ̀, kò sì ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́. Inú á máa tètè bí i, á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun yè, ẹlòmíràn kú. Àwọn kan á gbá ọtí mú.

Ọmọdé lè má sọ nǹkan kan. Ẹ wo eré rẹ̀: bó bá ń fi agolo ṣe ọkọ̀, tó ń fi wọ́n kọlu ara wọn léraléra, tàbí tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé tó tún bẹ̀rẹ̀, ohun tójú rẹ̀ rí ló ń sọ.

Ẹ má fipá mú ẹnikẹ́ni ròyìn. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ gbọ́ ìwọ̀nba tó bá fẹ́ sọ. Ẹ má ra Valium, oògùn tó ń múni sùn, fún un ní kẹ́mísì; kì í wo àìsàn yìí, ó sì ń di bárakú. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí UCH ní Ìbàdàn. Ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kó jókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú irú àìsàn yìí, bí ìgbà 8 sí 12. Dókítà lè fi oògùn bíi sertraline kún un. Ẹ máa gbàdúrà lọ, ṣùgbọ́n ẹ lọ.

Bó bá ní ikú yá ju ayé yìí lọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì kó oògùn kòkòrò àti oògùn koríko kúrò nílé.