Bí mo ṣe tú àkọlé Maenius Agrippa sí Yorùbá, àti ẹṣin tó dá mi dúró

Pọ́n-ùn 60 ni mo san fún ẹni tó ní òun gbọ́ èdè Látìn yékéyéké, kí ó lè bá mi tú ìlà díẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta kan ní Camerino, ní ilẹ̀ Ítálì. Ohun tí ó fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ ni ìtàn ọkùnrin méjì, Agrippa àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Campester, tí ọba fi ẹṣin ta lọ́rẹ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ẹnì kan ṣoṣo ni òkúta náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a kó àwọn ọmọ ìjọ wa lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Senhouse ní Maryport, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn pẹpẹ òkúta tí àwọn ọmọ ogun Róòmù yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà wọn ló wà níbẹ̀, 17 nínú wọn ni wọ́n sì hú jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní ọdún 1870. Orúkọ Marcus Maenius Agrippa wà lára mẹ́rin nínú àwọn pẹpẹ Maryport. Lórí ọ̀kan, wọ́n gé orúkọ náà kúrú sí AGRIP, wọ́n sì gé oyè rẹ̀ sí TRIBV, bí ẹni tí òkúta ń tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kan bi mí pé iṣẹ́ wo ni bàbá yìí ṣe kí ó tó dé ibẹ̀, ibo ló sì gbà lọ lẹ́yìn rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n, mo wá ṣèlérí ojú ewé kan lédè Yorùbá.

Òkúta Camerino ni ìdáhùn wà. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí bí a ṣe ń ka àwọn ìgékúrú bíi PRAEF (olórí) àti COH (ẹgbẹ́ ọmọ ogun), nítorí ẹni tó bá jókòó tì í fún ìrọ̀lẹ́ kan yóò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó bí mi nínú ni ti orúkọ méjì yẹn. Marcus Maenius Agrippa Lucius Tusidius Campester ni orúkọ ọkùnrin náà ní kíkún, nítorí pé ọmọ Róòmù lè so orúkọ ìdílé mìíràn mọ́ tirẹ̀ nípa ìgbàtọ́ tàbí ogún. Kò sí ET, tí í ṣe "àti", láàárín orúkọ méjèèjì, gbogbo oyè tó tẹ̀ lé wọn ló sì jẹ́ ti ẹnì kan. Ẹni tó ń gbowó lórí Látìn ni kò rí ìyẹn!

Nígbà tí mo gba iṣẹ́ náà padà sọ́wọ́ ara mi, àwọn ipò ológun kò gbà mí ju alẹ́ méjì lọ. Ó kọ́kọ́ jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kejì ti àwọn Brittones. Késárì Hadrian yàn án, ó sì rán an lọ sí ogun ní Britannia, ìyẹn ilẹ̀ Bìrìtéènì ìgbà náà, níbi tí ó ti di tribunus, ìyẹn ọ̀gá ẹgbẹ́ kìíní ti àwọn ará Hispania (Sípéènì), àwọn tó gbẹ́ púpọ̀ nínú àwọn pẹpẹ Maryport. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe olórí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin kan tí wọ́n ń wọ ihámọ́ra, kí ó tó bọ́ sídìí iṣẹ́ ìjọba gan-an: ó di olórí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun ojú omi Britannia, ó sì parí rẹ̀ sí procurator fún gbogbo ìgbèríko náà.

Mo kọ́kọ́ pe procurator ní ajẹ́lẹ̀, inú mi sì dùn sí i, àfi ìgbà tí mo rántí pé ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn ń rán lọ sí àwọn ìlú Èkìtì a máa ṣàkóso ìlú náà. Ti Britannia kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù ni gómìnà ibẹ̀, procurator sì ni ó ń rí sí owó orí àti owó oṣù àwọn ọmọ ogun, Késárì fúnra rẹ̀ ni ó sì ń jíhìn fún. Alábòójútó owó Késárì ni mo fi sílẹ̀ níkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wá dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: EQVO PVBLICO, "ẹṣin ìlú". Ibi tí ó wà ni ó da orí mi rú. Ẹ̀yìn gbogbo ipò rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, lẹ́yìn procurator Britannia, èyí tí owó iṣẹ́ rẹ̀ tó 200,000 sestertius, owó Róòmù, lọ́dún. Ta ni yóò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹṣin? Ó dà bí kí wọ́n fún ẹni tó ti ní ọkọ̀ mẹ́ta nílé ní kẹ̀kẹ́ ológeere. Síbẹ̀, mo jókòó, mo sì kọ ọ́ bí ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí mo ń bú ti ṣe. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́, mo wá àkọlé àwọn ẹlòmíràn láti fi wé e. Nínú òmíràn, ẹṣin náà ṣáájú gbogbo ipò. Nínú òmíràn, ó wà láàárín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ náà tì.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló gbà mí. Lẹ́yìn ẹṣin náà, òkúta pè é ní alátìlẹ́yìn ìlú rẹ̀, PATRONO MVNICIPI, èyí tí kì í ṣe ipò iṣẹ́. Mo padà sí òkè, mo sì rí i pé kí wọ́n tó ka iṣẹ́ kankan, wọ́n ti pè é ní ẹni tó gba Hadrian lálejò àti bàbá ọmọ ìgbìmọ̀ àgbà. Àárín nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ wà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ọlá ni wọ́n kó sí orí àti ìdí. Ẹṣin náà sì jẹ́ oyè. Láyé àtijọ́, ìlú Róòmù a máa san owó ẹṣin àti owó oúnjẹ rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́lá tó ń fi ẹṣin jagun, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Késárì dé, ó di ohun tí Késárì fi ń dá ẹni tí ohun ìní rẹ̀ tó 400,000 sestertius lọ́lá, kí ó lè wà nínú ẹgbẹ́ Ẹlẹ́ṣin, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá tó tẹ̀ lé àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ àgbà. Nínú ẹgbẹ́ yẹn ni wọ́n ti ń yan irú olórí ọmọ ogun àti procurator tí Agrippa jẹ́. Ohun tí wọ́n gbẹ́ sí ìkẹyìn ni ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú.

Bí mo bá tún fẹ́ ṣe irú èyí, màá kọ́kọ́ fi àwọ̀ kan fa ìlà sábẹ́ ọlá, màá fi òmíràn fà á sábẹ́ iṣẹ́, kí n tó tú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. N kò tún ní sanwó fún ẹnikẹ́ni tí kò bá fi àkọlé kan tí ó ti tú rí hàn mí. Ẹni tèmi ní òun lè ṣàtúnṣe tirẹ̀, ó ní kí n mú pọ́n-ùn 25 sí i. N kò dá a lóhùn.

Ojú ewé náà ti wà lára ògiri yàrá àwọn ọmọ báyìí, iṣẹ́ mi sì dára. Ọmọ tó béèrè lọ́jọ́ kìíní kà á tán, ó ní ṣé kò wá sí ẹṣin gidi kankan nínú rẹ̀ ni. Mo fi ìka hàn án níbi ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin oníhámọ́ra.