Ẹ̀bùn àbínibí àbí ìdánrawò? Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Nínú àṣìṣe táwọn èèyàn ń ṣe nípa bóyá ẹ̀bùn àbínibí ló ń sọni di ọ̀gá tàbí ìdánrawò, èyí tó gbilẹ̀ jù lọ ni kíka wákàtí: pé ẹni tó bá ti fi wákàtí 10,000 kọ́ nǹkan ti di ọ̀gá nídìí rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ violin ní Berlin ni wọ́n ti fa iye yìí yọ, nínú ìwádìí tí Anders Ericsson, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé jáde ní 1993. Ìpíndọ́gba lásán sì ni. Ẹlòmíì ò tó o, ẹlòmíì kọjá rẹ̀. Ericsson fúnra rẹ̀ kò sọ pé ó ń sọni di ọ̀gá.

Ohun tó wà nínú wákàtí náà ni kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó bá ń tẹ orin kan lórí dùùrù látìbẹ̀rẹ̀ dópin lójoojúmọ́, tó ń ṣì í níbì kan náà, tó sì ń kọjá lọ, àṣìṣe yẹn gan-an ló ń kọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á dúró síbẹ̀. Á yọ ìlà kan ṣoṣo yẹn sọ́tọ̀, á fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kó tó mú tòsì wọ̀ ọ́. Ó máa ń súni, ká má parọ́.

Ẹ má wá torí ìyẹn sọ pé kò sóhun tó ń jẹ́ àbínibí. Donald Thomas, ọmọ Bahamas, kò tíì pé ọdún méjì nídìí eré fífò gíga tó fi gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé ní Osaka, ní Japan, ní 2007. Ó fo mítà 2.35. Stefan Holm, tó ti ń fò láti kékeré, tó sì gba wúrà Òlíńpíìkì ní 2004, ipò kẹrin ló wà. Ó dunni, àbí? Àmọ́ ibi gíga jù lọ tí Thomas fò dé láyé rẹ̀ ni mítà 2.37, ní 2016. Sẹ̀ǹtímítà méjì péré ni gbogbo ọdún yẹn fi kún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ìtàn àwọn Polgár ní Hungary, ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Bàbá wọn ti pinnu kó tó bí wọn pé òun á sọ ọmọ òun di olóye àrà ọ̀tọ̀, chess, eré orí pátákó tó gba àròjinlẹ̀, ló sì fi kọ́ wọn. Judit gba oyè grandmaster, oyè tó ga jù nínú chess, ní 1991, kò tíì pé ọmọ ọdún 16. Susan náà gbà á. Sofia, tí wọ́n jọ dàgbà nínú ilé kan náà lábẹ́ bàbá kan náà, kò gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè dúró níwájú rẹ̀. Torí náà, ẹ̀bùn nìkan kọ́, ìdánrawò nìkan kọ́. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó pe ọmọ ní olódo, ẹ kọ́kọ́ wo irú ẹni tó ń kọ́ ọ.