Bí a ṣe ń fi alignment ṣeré D&D: ọ̀rọ̀ méjì tó wà lórí ìwé ẹ̀dá ìtàn

Dungeons & Dragons (D&D) jẹ́ eré orí tábìlì tí eléré kọ̀ọ̀kan ti ń hùwà bí ẹ̀dá ìtàn kan. Lórí ìwé ẹ̀dá ìtàn náà, àyè kékeré kan wà tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ méjì sí, alignment ni wọ́n ń pè é. Àkọ́kọ́ lè jẹ́ lawful, neutral tàbí chaotic. Èkejì lè jẹ́ good, neutral tàbí evil. Ọ̀pọ̀ eléré tuntun máa ń kọ ọ́ kíákíá, wọn kì í sì í wò ó mọ́ àfi ọjọ́ tí iyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ìbéèrè kan ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń dáhùn: bí ṣíṣe ohun tó tọ́ bá máa gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀dá ìtàn yìí, kí ni yóò ṣe? Ẹni tí kò tíì dáhùn ìbéèrè yẹn kò tíì ní alignment, ohun yòówù kó kọ síbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ẹ̀dà òfin tí ẹ ń lò, torí ibẹ̀ ni ìdajì àríyànjiyàn ti ń wá. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde ní 1974, Law, Neutrality àti Chaos nìkan ló wà. Ní 1977, good àti evil wọlé, gbogbo rẹ̀ di márùn-ún. Ní 1978 ó di mẹ́sàn-án. Ẹ̀dà kẹrin ti 2008 dín in kù sí márùn-ún, ti 2014 sì dá mẹ́sàn-án padà. Pathfinder, eré míì tó jọ ọ́, yọ alignment kúrò nínú àtúnṣe ọdún 2023, ohun tí ẹ̀dá ìtàn gbọ́dọ̀ máa ṣe àti èèwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ báyìí. Nínú òfin 1978, paladin, ìyẹn jagunjagun mímọ́, gbọ́dọ̀ jẹ́ lawful good. Bó bá mọ̀ọ́mọ̀ hùwà ibi, ipò paladin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé. Nínú ti 2014, ìbúra rẹ̀ ló dè é, alignment tó bá wù ú ló lè kọ. Bí ẹni kan bá ń fi òfin àtijọ́ bá ẹni tó ka ti tuntun jà, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn.

Fún ẹgbẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ ní Kàbbà tàbí Ìsánlú, òfin tó rọrùn jù láti rí ni SRD 5.1, ìwé òfin ìpìlẹ̀ eré náà. Wọ́n ti fi sábẹ́ Creative Commons, ìyọ̀ǹda tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, láti 2023, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, kí ẹ tẹ ojú ìwé tí ẹ nílò nìkan, torí bí iná bá lọ tí fóònù sì kú, bébà kì í kú.

Ní ti ọ̀rọ̀ méjèèjì fúnra wọn: lawful ni ẹni tí àdéhùn, àṣà tàbí àṣẹ dè. Kò dandan kó jẹ́ òfin ìlú tó bá wọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ olè tí kì í da ìmùlẹ̀ lè jẹ́ lawful. Chaotic ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń darí, tí kò gbà pé ipò tàbí àṣà tó ìdí láti ṣe nǹkan. Orí rẹ̀ pé, ó sì lè ní sùúrù. Good máa ń fi ohun tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹni tí kò mọ̀ rí. Evil máa ń pa ẹlòmíì lára láti rí ohun tó fẹ́, oorun kì í sì í dá lójú rẹ̀. Neutral àárín ń tọ́jú àwọn tirẹ̀, kò ní pa aláìṣẹ̀ lára, ṣùgbọ́n kò ní bọ́ sínú iná nítorí àlejò.

Ní ìjókòó àkọ́kọ́, kí dáìsì tó yí, kí eléré kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn mẹ́ta sórí bébà kékeré. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó.

Ìkíní: ta ni ẹ̀dá ìtàn mi máa ràn lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀?
Ìkejì: ta ló lè pàṣẹ fún un, tí yóò sì gbọ́ bí kò tiẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn?
Ìkẹta: kí ni èèwọ̀ rẹ̀, ohun tí kò ní ṣe bí wọ́n bá tiẹ̀ fi idà sí i lọ́rùn?

Ẹ̀yìn èyí ni kẹ́ ẹ tó wá ọ̀rọ̀ méjì tó bá ìdáhùn mu. Àwọn tó ń kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀, tí wọ́n á wá máa wá ìwà lẹ́yìn náà, ló ń bí àwọn paladin tó jẹ́ pé ìwàásù nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Èèwọ̀ ló wúlò jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kó ṣe pàtó: «kò ní pa ẹni tó ti ju ohun ìjà sílẹ̀» dára, «kò ní ṣe ibi» kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi bébà náà síbi tí gbogbo tábìlì ti lè kà á.

Ẹ wá dán an wò. Ìlú inú eré wà lórí àpáta, bí àwọn ìlú Ọ̀kun kan ṣe gun òkè lọ nígbà ogun Nupe. Iṣu tuntun kún abà, ṣùgbọ́n ọba ti kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò kí wọ́n tó ṣe ọdún rẹ̀, ó sì ku ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá ti wo ọdún iṣu ní Ògìdì rí á mọ̀ pé irú àṣẹ báyìí kì í ṣe eré. Lóru, ogójì ènìyàn tí ogun lé kúrò nílé dé ẹnu odi, ebi ń pa àwọn ọmọ wọn. Ẹ̀dá ìtàn yín ló ń ṣọ́ abà.

Lawful good á lọ jí ọba. Á dọ̀bálẹ̀: «Kábíyèsí, ẹ ṣàánú àwọn tó wà lẹ́nu odi. Bí iṣu tuntun ò bá ṣeé fọwọ́ kàn, ẹ jẹ́ kí n fi owó iṣẹ́ mi ra èlùbọ́ fún wọn.» Bí ọba bá kọ̀, á béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà bóyá ètùtù kan wà tó lè fa ọjọ́ ọdún sún mọ́ tòsí. Kò ní já àgádágodo. Ibí gan-an ni kí adarí eré, ẹni tó ń sọ ìtàn náà, ti fún un mọ́lẹ̀: ọmọ kan ò ní dé òwúrọ̀. Bí eléré bá mí kanlẹ̀ tó sì dákẹ́ ronú, eré ti dùn nìyẹn.

Neutral good á mú ìwọ̀nba tó lè gbà wọ́n là, á sì lọ jẹ́wọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Chaotic good á ṣílẹ̀kùn gbayawu, torí òfin tó ń febi pa ọmọ kò jẹ́ òfin lójú rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà o: bó bá sá lọ, tí wọ́n sì na ẹlòmíì tí wọ́n jọ ń ṣọ́ abà, good rẹ̀ ti ń jò.

Lawful neutral á ka iye iṣu tó wà nínú abà, á ní kí wọ́n dúró di ọjọ́ kẹrin. Kò kórìíra wọn. Neutral pọ́ńbélé, tí ọ̀rọ̀ méjèèjì rẹ̀ jẹ́ neutral, á wo oúnjẹ inú àpò ara rẹ̀, á fún ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Chaotic neutral á ní iṣẹ́ yìí ti sú òun, á kúrò níbẹ̀, ó tiẹ̀ lè gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Kò ní dáná sun abà kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín.

Lawful evil ló wù wá jù láti wò. Á jáde lọ bá wọn pẹ̀lú ìwé àdéhùn: òun ní iṣu ọdún tó kọjá, òun á fún wọn jẹ, kí olúkúlùkù fi ọmọ kan sin òun bí ìwọ̀fà fún ọdún méje. Kò rú òfin kankan. Neutral evil á jí iṣu náà tà fún wọn, á sì ní àwọn ni wọ́n fọ́ abà. Ní ti chaotic evil, ẹ má fi àkókò ṣòfò: á ṣí ẹnu odi fún àwọn tó ń lé wọn bọ̀.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹni kan á jí àpò ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní: «Ohun tí ẹ̀dá ìtàn mi máa ṣe nìyẹn.» Ẹ dá a lóhùn pé òun ló dá ẹ̀dá ìtàn náà, kó lọ wá ìdí tí ẹni yẹn fi ń bá ẹgbẹ́ rìn. Chaotic neutral ni irú wọn máa ń kọ sórí ìwé. Bí bébà èèwọ̀ rẹ̀ bá ṣófo, ẹ má tíì jẹ́ kó ṣeré.

Paladin tó ń ṣe ọlọ́pàá fún gbogbo ẹgbẹ́ ni èkejì. Alignment rẹ̀ kan ìwà tirẹ̀ nìkan. Ó lè bẹ̀bẹ̀, ó lè kọ̀ láti bá wọn lọ, ṣùgbọ́n kí ó má yọ idà sí ẹni tí wọ́n jọ jókòó sídìí tábìlì.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti idán. Eléré á pe Detect Evil and Good sórí oníṣòwò kan láti mọ̀ bóyá olè ni. Nínú òfin 2014, idán yẹn kì í ka ọkàn ènìyàn. Ó ń fi irú ẹ̀dá mẹ́fà tí kì í ṣe ènìyàn lásán hàn láàárín ẹsẹ̀ bàtà 30: aberration, celestial, elemental, fey, fiend àti undead. Oníṣòwò lè jẹ́ ìkà paraku, idán náà ò ní rí i.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe eré tí gbogbo yín ti jẹ́ evil, ẹ fún wọn ní ọ̀gá kan tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù tàbí gbèsè kan tí wọ́n jọ jẹ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn á ti pa ara wọn tán kí ìjókòó kejì tó parí. Ẹ sì kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú wá sórí tábìlì sílẹ̀ ṣáájú, ní pàtàkì bí àwọn àbúrò bá wà láàárín yín.

Alignment lè yí padà. Kí adarí eré máa fa ìlà kékeré kan sínú ìwé rẹ̀ nígbàkigbà tí ìṣe ẹ̀dá ìtàn bá ta ko ohun tó kọ. Lẹ́yìn ìlà kìíní, kó kàn bi eléré pé: «Ṣé o mọ̀ pé èyí ta ko bébà rẹ?» Bí ìlà bá di mẹ́ta láàárín ìjókòó díẹ̀, kí wọ́n jọ sọ ọ́. Òfin 1979 máa ń yọ ìpele kan lọ́wọ́ ẹni tó bá yí padà. A ò rí àǹfààní rẹ̀, ó kàn ń jẹ́ kí eléré máa fi ìyípadà tó dáa pamọ́ ni. Ẹ pa àwọn gbólóhùn àtijọ́ rẹ́, ẹ kọ tuntun. Ìdí nìyí tó fi dára kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.