Bí mo ṣe ya Màmá aládìrẹ ní Ìtòkú

Àwọn ọmọ Màmá ló bẹ̀ mí níṣẹ́. Ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ń bọ̀, wọ́n sì ní ìsọ̀ Màmá ní Ìtòkú, níbí l'Abẹ́òkúta, ni kí n ti yà wọ́n, kì í ṣe sítúdíò. Ẹni tó bá mọ Ìtòkú mọ̀ pé iṣẹ́ dé: àdìrẹ ẹlẹ́kọ, oníko, aláràbarà, gbogbo wọn ló so rọ̀ lẹ́yìn ẹni tí wọ́n ń bá ojú rẹ̀ du àwòrán.

Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 (f ni ìwọ̀n bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó) tí mo fi ń ṣòde ń sọ ẹ̀yìn di bàìbàì lóòótọ́, àmọ́ bàìbàì tó le ni. Àmì funfun ara àdìrẹ á di róbótó elétí mímú, ìlà kan á di méjì. Mo bá háyà lẹ́ǹsì Nikon 105mm f/2 DC, èyí tí èèyàn lè fọwọ́ darí bàìbàì rẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀gá mi kan. Ọdún 1993 ló jáde, kò ní mọ́tò tó ń mú ojú àwòrán mọ́ kedere nínú, mọ́tò ara kámẹ́rà ló ń yí i. Òrùka kan wà lára rẹ̀: yí i sí R, bàìbàì ẹ̀yìn á rọ̀, yí i sí F, ti iwájú ni.

Mo ṣí lẹ́ǹsì sí f/2.8, mo fi òrùka sí R 2.8, torí nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ẹ̀yìn bá ṣe ń rọ̀ ni bàìbàì iwájú ń le sí i, nítorí náà mo ní kí wọ́n kó òkìtì aṣọ iwájú Màmá kúrò. Àárín ọ̀nà ni mo dúró sí, àwọn alábàárù ń pariwo "ẹ yàgò o!"

Mo tún dán R 4 wò lórí f/2.8 yẹn. Ojú náà rọ̀, ó ń dán. Inú àbígbẹ̀yìn wọn dùn. Màmá wo ẹ̀yìn kámẹ́rà: "Ìlà ojú mi dà?"

Mo dá a padà sí 2.8. Màmá jàre.

Sony náà ní lẹ́ǹsì 100mm STF, ti 2017, tó ní gíláàsì tó ń ṣókùnkùn lọ sétí. Ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ ju èyí lọ, àmọ́ f/2.8 rẹ̀ kò gba ìmọ́lẹ̀ ju T5.6 lọ (T ni ìmọ́lẹ̀ tó wọlé gan-an): ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó yẹ kí f/2.8 gbà. Lábẹ́ páànù Ìtòkú? Rárá o.

Èyí tí ìlà ojú hàn ni wọ́n fi ṣe káàdì ìpè. Àbígbẹ̀yìn rọra ní kí n fi èyí tó ń dán ránṣẹ́ sóun lórí WhatsApp, mo sì fi ránṣẹ́.